Kẹ̀kẹ́ Oníbátìrì Tó Ń Gbọ̀n Nígbà Tó Bá Fẹ́ Gbéra: Àkọsílẹ̀ Bí Mo Ṣe Wá Àléébù Rẹ̀ Rí

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ó kọ́kọ́ ṣe é. Mo gun kẹ̀kẹ́, mo yí ọwọ́ iná, dípò kó gbéra ní pẹ̀lẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó gbọ̀n jìgìjìgì, ó dún kà-kà-kà, ó sì dúró. Mo tún yí i, ó tún gbọ̀n. Ìgbà tí mo fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì títí tó fi ń lọ bí ẹni tó ń rìn, tí mo wá fún un níná, ó gbà, ó sì ń sáré geere bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. Èyí ni kò jẹ́ kí n tètè dá a dúró. Mo gùn ún bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, mo ń fi ẹsẹ̀ ràn án lọ́wọ́ ní gbogbo ibi tí mo bá ti dúró.

Kí n sọ irú kẹ̀kẹ́ tó jẹ́ ná. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ fóòtì (volt) 36, ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ wáàtì 250, inú họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn níbi tí sípóòkù ti bẹ̀rẹ̀, sì ni ẹ̀rọ náà wà. Irú họ́ọ̀bù méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan fẹ̀ bí àwo, kò ní gíà nínú, mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ inú ìkarahun tó ń yí. Èkejì kéré, ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń sáré gan-an, gíà nílọ́ọ̀nù mẹ́ta sì ń dín ìsáré yẹn kù kó tó dé ara ìkarahun. Èkejì yìí ni tèmi. Kílọ́ọ̀ṣì kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá ń yí síwájú láìsí iná, ẹ̀rọ inú kì í bá a yí. Ṣùgbọ́n bí o bá yí ẹsẹ̀ náà padà sẹ́yìn, tipátipá ni ẹ̀rọ á bá a yí. Ọ̀rọ̀ yíyí sẹ́yìn yìí máa wúlò níwájú.

Bátìrì ni mo kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ báyìí pẹ́ díẹ̀ mọ̀ pé bátìrì ló máa ń gba ẹ̀sùn gbogbo nǹkan, torí òun ló wọ́n jù nínú gbogbo ẹrù kẹ̀kẹ́, òun la sì ń bẹ̀rù jù. Bátìrì fóòtì 36 ní òwọ́ sẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá tó tò tẹ̀lé ara wọn. Bí òwọ́ kọ̀ọ̀kan bá kún dé 4.2, àpapọ̀ wọn á jẹ́ 42. Tèmi fi 41.2 hàn lórí mítà. Ìyẹn nìkan kò tó láti dá a láre, nítorí bátìrì tó ti rẹ̀ lè fi nọ́ńbà tó dáa hàn nígbà tó bá jókòó jẹ́ẹ́, kó wá wó lulẹ̀ nígbà tí ẹrù bá dé. Mo wá gùn ún gun òkè, mo ń wo ojú rẹ̀ bí mo ṣe ń lọ: kò lọ sísàlẹ̀ ju 38.6 lọ, kọ̀ńtírólà tèmi, àpótí tó ń pín iná bátìrì fún ẹ̀rọ, kì í sì í pa iná títí á fi sún mọ́ 31. Bátìrì ò jẹ̀bi. Síbẹ̀, mo ṣì fi ọjọ́ méjì ha ojú irin tí bátìrì fi ń kan kẹ̀kẹ́, mo sáà fẹ́ kí ó jẹ̀bi.

Ojú kékeré tó wà lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà máa ń kọ nọ́ńbà àṣìṣe kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà wọ̀nyẹn kò ní ìtumọ̀ kan náà lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́. Èyí tó túmọ̀ sí sẹ́ńsọ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan lè jẹ́ bíréèkì lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìwé tó bá tèmi wá kàn kọ “àléébù ẹ̀rọ” sí iwájú rẹ̀ ni. Ó dà bí ìgbà tí dókítà bá wò ọ́ tán tó ní ara rẹ ò yá.

Ìró kà-kà-kà yẹn ló wá tàn mí jẹ jù. Gbogbo ẹni tó bá mọ họ́ọ̀bù onígíà ló mọ̀ pé eyín gíà nílọ́ọ̀nù máa ń jẹ, ìró tó sì máa ń tẹ̀lé e kò jìnnà sí èyí tí mo ń gbọ́. Mo ti to sípánà kalẹ̀ láti tú họ́ọ̀bù nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ iná wọlé. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní, “Àbúrò, má tíì tú u. Bó o bá tú u, wàá rí gíà, wàá sì fẹ́ kí gíà jẹ̀bi. Bi í léèrè láti ìta ná.”

A bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè. A yọ bátìrì, a dúró díẹ̀ kí iná tó kù nínú kọ̀ńtírólà lọ, a sì tú ojú ìsopọ̀ tó wà láàárín ẹ̀rọ àti kọ̀ńtírólà. Wáyà mẹ́sàn-án ló wà nínú okùn tó jáde láti inú ásù, irin tó gba àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi kọjá. Mẹ́ta nípọn: yẹ́lò, gíríìnì, búlúù. Àwọn ló ń gbé agbára wọ inú ẹ̀rọ. Márùn-ún tín-ín-rín: pupa àti dúdú ń gbé fóòtì 5 wọlé, yẹ́lò, gíríìnì àti búlúù kékeré sì ń gbé ìròyìn jáde láti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta. Ẹ̀kẹsàn-án ń ka ìsáré. Sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta yẹn ni wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀ Hall, orúkọ Edwin Hall ará Amẹ́ríkà tó ṣàwárí ohun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ní 1879. Ojú ni wọ́n jẹ́ fún kọ̀ńtírólà. Mágínẹ́ẹ̀tì tó bá kọjá níwájú wọn ni wọ́n ń ròyìn, kí kọ̀ńtírólà lè mọ wáyà ńlá tó yẹ kí iná gbà ní ìṣẹ́jú yẹn.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé wáyà ńlá kankan ti kan ara wọn nínú? Mo gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, mo yí i sẹ́yìn. Ó yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kò le. Bí wáyà ńlá méjì bá ti kan ara wọn, ṣe ni á máa fà bí ẹni pé wọ́n da oyin sí i. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi wáyà kékeré so yẹ́lò ńlá pọ̀ mọ́ gíríìnì ńlá: ó le lójú ẹsẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún gíríìnì àti búlúù, mo ṣe é fún búlúù àti yẹ́lò, gbogbo rẹ̀ le bákan náà. Wáyà ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yè. Ẹni tó bá yí irú họ́ọ̀bù yìí síwájú kò ní mọ ìyàtọ̀ kankan, torí kílọ́ọ̀ṣì á ti já ẹ̀rọ sílẹ̀. Mo ti rí ẹni tó yí i síwájú tó ní ẹ̀rọ òun dára, tí wáyà inú rẹ̀ sì ti yọ́ pọ̀.

Ìbéèrè kejì wá sí ọ̀dọ̀ kọ̀ńtírólà. A fi mítà sí ibi tí wọ́n fi ń wọn bí iná ṣe ń rí ọ̀nà kọjá sí, a gbé ẹnu kan rẹ̀ sórí wáyà pupa tí bátìrì ń gbà wọlé, a gbé ìkejì sórí wáyà ńlá kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà a ṣe é láti ọ̀dọ̀ wáyà dúdú. Ohun tí a ń wá ni kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, kí ọ̀kankan má sì sún mọ́ òdo. Wọ́n dọ́gba. Kọ̀ńtírólà náà bọ́.

Ó wá ku sẹ́ńsọ̀. Fún èyí, a ní láti da ojú ìsopọ̀ padà, kí a tan iná, kí a sì fi ẹnu mítà yọ́ wọ ẹ̀yìn ìsopọ̀ níbi tí irin wáyà ti hàn. Ẹ fi sùúrù ṣe é o. Bí ẹnu mítà bá kan pupa àti wáyà míì pọ̀, sẹ́ńsọ̀ tó yè lè kú lọ́wọ́ ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Láàárín pupa àti dúdú, mo rí 4.9. Ó dáa. Mo gbé e sórí yẹ́lò kékeré, mo ń sún ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀: 4.9, òdo, 4.9, òdo. Ìwọ̀n ìka méjì sí mẹ́ta ni ẹsẹ̀ náà máa ń sún kí nọ́ńbà tó yí, nítorí gíà inú ti sọ ìyípadà rẹ̀ di púpọ̀. Gíríìnì náà ń fò bẹ́ẹ̀. Búlúù dúró sórí 4.9, kò mira.

Mo ti fẹ́ sọ pé sẹ́ńsọ̀ búlúù ti kú. Ẹ̀gbọ́n ní kí n ro ibi tó dúró sí. Sẹ́ńsọ̀ yìí kì í fúnra rẹ̀ gbé fóòtì 5 wá. Kọ̀ńtírólà ló ń fa wáyà ìròyìn sókè sí 5, iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ ni láti fà á wálẹ̀ sí òdo. Wáyà tó bá já lójú ọ̀nà á dúró sókè títí láé. Sẹ́ńsọ̀ tó kú náà lè dúró sókè, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wáyà tó já rọrùn láti yẹ̀ wò jù ú lọ. Ó mú okùn náà lọ́wọ́, ó ń rọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ láti ibi ìsopọ̀ wá sí ibi ásù, èmi ń yí ẹsẹ̀, mo ń wo mítà. Kò sí nǹkan. Kò sí nǹkan. Bó ṣe kan ibi tí okùn ti ń jáde lẹ́nu ásù gẹ́lẹ́, búlúù fò: òdo, 4.9, òdo. Ó tú ọwọ́, búlúù dákẹ́.

Ìdí rẹ̀ náà nìyẹn tí kẹ̀kẹ́ fi ń gbọ̀n nígbà tó bá fẹ́ gbéra. Nínú ipò mẹ́fà tí sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta náà ń ròyìn nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta ti di irọ́. Bí ẹ̀rọ bá dúró síbi tí ìròyìn ti jẹ́ irọ́, iná tó yẹ kó tì í síwájú ń gba ibòmíràn lọ. Ìgbà tí mo bá sì ti fi ẹsẹ̀ wà á díẹ̀, ẹrù ti fúyẹ́ lórí ẹ̀rọ. Ó ta pọ́ún kọjá ibi irọ́, eré tó ti ní sì ń gbé e kọjá ìyókù.

A tẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹnu ásù. Awọ okùn ti gé níbẹ̀, ó gé bí ẹni fi ọ̀bẹ yí i ká. Nọ́ọ̀tì apá yẹn ti tú tó bí ìdajì ìyípo. Ẹnu fírémù tí ásù ń wọ̀, tó yẹ kí igun rẹ̀ mú, ti ń dán, ó ti ń di róbótó. Ásù ti ń yí nínú rẹ̀ síwá-sẹ́yìn, ó sì ń gé okùn tó gba àárín rẹ̀ jáde.

Mo mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, túbù ẹ̀yìn jò, mo yọ ẹsẹ̀, mo lẹ túbù, mo dá a padà. Wáṣà kan wà níbẹ̀ tó ní eyín kan. Eyín yẹn yẹ kó wọ inú ẹnu fírémù, kí ó lè di ásù mú kó má yí. Lọ́jọ́ náà kò fẹ́ wọlé, ilẹ̀ sì ń ṣú, ni mo bá kọ eyín rẹ̀ síta, mo ní nọ́ọ̀tì á dì í. Bátìrì ni mo ń bú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Nọ́ọ̀tì nìkan ò lè dì í. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹ̀rọ bíi tèmi lè fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní ipá ìyípo tó tó 40 newton-mítà. Gbogbo ipá tó fi ń yí ẹsẹ̀ síwájú náà ló fi ń yí ásù sẹ́yìn, ásù kò sì ní ibòmíràn tó lè fẹ̀yìn tì ju ojú rẹ̀ méjì tí wọ́n rẹ́ pẹlẹbẹ lọ. Nínú ásù tó fẹ̀ ní mílímítà 12, tí wọ́n rẹ́ sí 10, ojú pẹlẹbẹ yẹn kò fẹ̀ ju nǹkan bíi mílímítà 6 àti ààbọ̀ lọ. Bí o bá pín 40 fún ìwọ̀n kékeré yẹn, tí o sì tún pín in fún ẹnu fírémù méjèèjì, ìwúwo tó tó nǹkan bíi kílò 300 ló ń ta igun ẹnu kọ̀ọ̀kan nígbàkúùgbà tí mo bá fa iná tán pátápátá. Bí nọ́ọ̀tì bá dì dáadáa, ìdìmú rẹ̀ ń gba díẹ̀ nínú rẹ̀. Bó bá tú, igun nìkan ló ń jìyà, ìyà náà sì ń wá síwá-sẹ́yìn.

Ìró kà-kà wá ńkọ́? Òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí, torí kò kan ẹ̀rọ rárá. Nígbà tí a yí ẹsẹ̀ láti wo rìímù, ó ń jó: ó ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì, tó nǹkan bíi mílímítà 4. Mo fi ìka ta sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta gìtá. Àwọn apá ọ̀tún ń dún gán-án gán-án, àwọn apá òsì kò dún, ṣe ni wọ́n ń ró pọ̀-pọ̀. Mẹ́ta ti já, méjì níbi tí orí rẹ̀ ti tẹ̀ wọ họ́ọ̀bù, ọ̀kan ní ibi ìdí níbi tí nípùlù, nọ́ọ̀tì kékeré ara rìímù, ti gbà á mú. Àwọn tó já yẹn ni wọ́n ń lu àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nígbà tí ẹ̀rọ bá gbọ̀n. Gíà nílọ́ọ̀nù tí mo fẹ́ dá lẹ́jọ́ kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Àwọn kan á ní sípóòkù tó já túmọ̀ sí pé kò nípọn tó. Èmi ò gbà. Tèmi jẹ́ mílímítà 2.3, ó tó. Ohun tó ń pa sípóòkù ni kó dẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá yí, sípóòkù tó bá wà nísàlẹ̀ máa ń dẹ̀ díẹ̀, á sì tún le bó bá kúrò níbẹ̀. Èyí tí wọ́n fà dáadáa, líle rẹ̀ kàn ń dín kù ni, kì í tán. Èyí tó dẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ń tú pátápátá, orí rẹ̀ ń mì nínú ihò họ́ọ̀bù, ìmì yẹn ló ń ṣẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe ń tẹ wáyà síwá-sẹ́yìn títí tó fi já. Họ́ọ̀bù ẹlẹ́rọ tún mú tirẹ̀ wá: ó tóbi, nítorí náà sípóòkù rẹ̀ kúrú, bó ṣe ń wọ rìímù kò sì tọ́, ó dà bí ẹni tó gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà wọlé. Bí o bá wá lọ mú sípóòkù mílímítà 2.6 láti fi tún un ṣe, kò ní nà tó, kò sì ní tẹ̀ tó. Wàá kàn gbé wàhálà náà lọ sára rìímù ni.

Ìtúnṣe gba ọjọ́ kan àti ààbọ̀. A ní láti ṣí họ́ọ̀bù níkẹyìn, kì í ṣe nítorí gíà bí kò ṣe nítorí pé inú ásù ni okùn ń gbà, ibi tó gé kò sì jìnnà sẹ́nu tó láti jó o pọ̀ síta. A ya fọ́tò gbogbo àwọ̀ wáyà kí a tó kan ohunkóhun. Eyín gíà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé pérépéré. Gíríìsì wọn ti gbẹ, a fi èyí tó bá ike mu sí i. A fa okùn tuntun gba inú ásù, a fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà mẹ́sàn-án, a sì fi rọ́bà tó máa ń sún kì nígbà tí ooru bá kàn án bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Sípóòkù ló gba àkókò jù. Mo yọ ọ̀kan tó yè láti wọn gígùn rẹ̀, mo pààrọ̀ mẹ́ta tó já, lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa gbogbo apá òsì ní ìdá mẹ́rin ìyípo lẹ́ẹ̀kan. Mo so okùn ike kan mọ́ fírémù kí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan rìímù. Ibi tó bá ti ha á ni rìímù ti yà. Kí ẹni máa yára kò sí níbẹ̀. Bó bá ti fẹ́ tọ́, mo máa ń di sípóòkù méjì méjì mú, mo fún wọn pọ̀ gan-an, wọ́n á dún kẹ́kẹ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó sáàyè wọn, rìímù á sì tún yà díẹ̀, mo tún fà á. Ìgbà mẹ́rin ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó dẹ́kun dídún.

Nígbà tí a dá ẹsẹ̀ padà, eyín wáṣà wọlé wẹ́rẹ́. Ohun tí kò jẹ́ kó wọlé lọ́jọ́ kìíní ni ọ̀dà tó gbẹ sí ẹnu fírémù, àwọ̀ tó fẹ́lẹ́ bí èékánná. Nítorí pé igun ẹnu ti jẹ díẹ̀, a kò gbọ́kàn lé wáṣà nìkan. A fi apá irin kan kún un, ihò rẹ̀ gba ojú pẹlẹbẹ ásù ní kíkì, ìdí rẹ̀ sì dè mọ́ ara fírémù. Fírémù alumíníọ̀mù ló jẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, torí alumíníọ̀mù kì í kìlọ̀ kó tó ya. A kọ ẹnu okùn sísàlẹ̀, a jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀ kó tó gòkè, kí omi òjò lè máa kán sílẹ̀ dípò kó máa tọ̀ ọ́ wọ inú họ́ọ̀bù.

Mo tan iná, mo yí ọwọ́. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò tilẹ̀ gbọ̀n. Mo wo ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n wo mí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ojú ìsopọ̀ lọ́wọ́, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín: àmì ọfà méjì tó wà lára rẹ̀ kò kọjú síra, mo sì ti fi agbára tì í. Ẹsẹ̀ wáyà kan ti tẹ̀ nínú. A fi abẹ́rẹ́ nà án, a kọ ọfà sí ọfà, a tì í wọlé títí tí ìlà ara rẹ̀ fi wọnú. Ó gbéra láìsí ariwo.

Lẹ́yìn kìlómítà mẹ́wàá àkọ́kọ́, nọ́ọ̀tì méjèèjì tún gba ìyípo díẹ̀ sí i, sípóòkù mẹ́rin sì dẹ̀, mo fà wọ́n. Mo wá fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì bọ́ sórí fírémù, kí n lè máa fi ojú lásán mọ̀ bó bá yí. Ó ti di oṣù mẹ́rin báyìí. Apá ọ̀tún, ìlà náà tọ́ síbẹ̀. Apá òsì yà tó bí irun kan ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo mú sípánà, mo dì í, mo sì nu ìlà àtijọ́ nù kí n tó fa òmíràn.